Ọmọ Wa Ní Òun Fẹ́ Ṣe Sójà: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwádìí Lórí Àwọn Ológun



Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni lẹ́tà kan ti ń wọ ilé àwọn kan nínú wa, tí àyà òbí sì ń já bí wọ́n bá rí orúkọ Bundeswehr, ìyẹn àwọn ọmọ ogun Jámánì, lára àpò ìwé náà. Òfin tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ló gbé e dé. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2008 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ìlú Jámánì, bó bá ti pé ọdún 18, wọ́n á fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dáhùn, obìnrin lè dáhùn bó bá wù ú. Ẹ fọkàn balẹ̀: òfin yìí kò fi túláàsì kó ọmọ lọ sí bárékè. Túláàsì tí wọ́n dá dúró ní 2011 kò padà pẹ̀lú rẹ̀, kò sì lè padà àfi bí ilé aṣòfin bá tún jókòó pinnu lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí ọmọkùnrin má sọ lẹ́tà yẹn nù o, nítorí wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá kọ̀ láti dáhùn. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò sì gbà kó gbé ìbọn, ìwé òfin ńlá ilẹ̀ Jámánì fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn ò tilẹ̀ dúró de lẹ́tà. Wọ́n ti rí ìpolówó, wọ́n ti gbọ́ iye owó oṣù, wọ́n ti pinnu. Bí ọmọ bá jẹ́ ọdún 17, kò lè wọlé láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Àwọn tó sì wọṣẹ́ ní ọjọ́ orí yẹn ní 2024 lé ní 2,000. Inú ilé wa gan-an ni ìpinnu náà yóò ti wáyé, bóyá lórí tábìlì oúnjẹ, tí ọmọ á na bíírò sí yín.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì délẹ̀ lẹ́yìn ìsìn tàbí níbi ìkómọ, iye ni kálukú máa ń jù lu ẹnìkejì. Ẹnìkan á ní nínú sójà márùn-ún, orí ẹnìkan á dàrú. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, wọn ò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ á mú ẹ̀yìn èyí tó wù ú, bàbá náà á mú tirẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́. Mi ò ṣe sójà rí, mi ò sì ṣe dókítà. Àmọ́ ó ti mọ́ àwa akántáǹtì lára pé bí ẹnìkan bá gbé iye síwájú wa, a ó kọ́kọ́ bi í pé: nínú mélòó? Àwọn wo? Ta ló kà wọ́n? Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ká jọ kọ́ lónìí ò ju ìyẹn lọ.

Yaba àti Dresden

Iye méjì tí wọ́n ń jù lu ara wọn yẹn, òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Àkọ́kọ́ wá láti ilé. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà tí àwọn ológun Nàìjíríà ní ní Yaba, l'Ékòó, tí wọ́n ń pè ní 68 Nigerian Army Reference Hospital. Ibẹ̀ ni dókítà méjì, Okulate àti Jones, ti yẹ àwọn sójà tí wọ́n gbé wá láti ogun Liberia àti Sierra Leone wò, láti ìgbà tí Nàìjíríà ṣaájú àwọn ọmọ ogun ECOMOG ní 1990 àti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 22 ló ní àìsàn tí àwọn Jámánì ń ké kúrú sí PTBS. Ohun tí àìsàn náà jẹ́ ni pé ogun ti parí nílẹ̀, kò tíì parí lórí ẹni náà. Á máa lá a lálàá, á ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá gbá, á máa sá fún ohunkóhun tó lè rán an létí. Àwọn 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń dá ara wọn lẹ́bi pé, kí ló dé tí àwọn fi yè tí ẹlẹgbẹ́ àwọn kú. Àìsàn náà wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó pẹ́ lójú ogun, àwọn tó ń mutí, àwọn tó mugbó rí, àti àwọn tó po ẹ̀tù ìbọn mọ́ ọtí mu rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀tù ìbọn.

Ìkejì wá láti Jámánì níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans-Ulrich Wittchen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Dresden tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012. Wọ́n bá sójà 1,599 tí wọ́n rán lọ sí Afghanistan ní 2009 sí 2010 sọ̀rọ̀, wọ́n sì bá 889 tí wọn ò rán lọ síbì kankan sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn tó lọ tó bọ̀, àwọn tó ní PTBS láàárín ọdún kan jẹ́ 2.9 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èèyàn 22 lọ́wọ́ kan, kò tó 3 lọ́wọ́ kejì. Ta ló ń parọ́? Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Àwọn tí Yaba kà ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Èyí tó padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́ sí Ìbàdàn tàbí Kaduna kò sí nínú ìwé wọn. Àwọn tí Dresden kà, láàárín gbogbo àwọn tó lọ ni wọ́n ti ṣà wọ́n, aláìsàn àti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bí èmi bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn Charité kí n máa ka àwọn tó ń wọlé, mo lè wá sọ fún yín lálẹ́ pé gbogbo Berlin ló ń ṣàìsàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ogun Liberia àti ti Afghanistan ò rí bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sójà, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lójú ogun, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn bí wọ́n bá dé, kò dọ́gba rárá.

Bí àwa bá ń yẹ ìwé owó ilé iṣẹ́ kan wò, a kì í ka gbogbo rìsíìtì, a máa ń ṣà nínú wọn ni. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló bá wa ṣà á, èyí tó mọ́ ló máa kó wá. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń bínú ló ṣà á, èyí tó rùn ló máa kó wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣà á fúnra wa, tí a ò sì ń wojú. Bí ẹ bá gbọ́ iye kankan nípa sójà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe rí àwọn tí wọ́n bi.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó mú 2.9 wá má tíì yọ̀ o. Ìwádìí yẹn kan náà sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó lọ ló rí ó kéré tán ohun kan tó burú jáì níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí ju ẹyọ kan lọ. Ó ní ewu PTBS lára àwọn tó lọ tó ìlọ́po méjì sí mẹ́rin ti àwọn tí kò lọ. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé, nínú àwọn tí àìsàn náà mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí dókítà kankan ò mọ̀, tí wọn ò sì gba ìtọ́jú kankan. Ẹ bá mi ṣirò rẹ̀. Ká ní sójà 10,000 ló lọ, 290 ló ní àìsàn náà, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún nínú wọn tó ń gbé e káàkiri láìsọ fẹ́nì kan. Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, ọkọ̀ ni wọ́n ń wà, wọ́n ń bá ìyàwó àti ọmọ gbé. Ẹ sì rántí pé àìsàn kan ṣoṣo ni 2.9 yẹn kà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ̀rù tí kò nídìí àti ọtí àmujù, ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ tiwọn.

Ìwé tó ní orúkọ àti ìwé tí kò ní orúkọ

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́? Àwọn ará Amẹ́ríkà dán an wò. Àwọn sójà wọn tó ń ti Iraq bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sínú ìwé ìlera kan, orúkọ wọn á sì wà lórí rẹ̀. Àwọn oníwádìí kan, tí Warner ṣaájú wọn, wá fún irú àwọn sójà wọ̀nyí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kejì láìsí orúkọ. Nígbà tí èsì jáde ní 2011, àwọn tó ní ọkàn àwọn rẹ̀wẹ̀sì, àwọn tó ní PTBS, títí kan àwọn tó ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara wọn, di ìlọ́po méjì sí mẹ́rin iye tí wọ́n jẹ́ nígbà tí orúkọ wà níbẹ̀. Èèyàn kan náà, ìbéèrè kan náà o.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Bí akọ̀wé ọ́fíìsì kan bá bi wá pé báwo ni nǹkan nílé, kí la máa ń sọ? „Alles gut“ ni. Páálí wa ò sì tíì dáa, owó iná ò tíì wọlé. Sójà náà mọ̀ pé ìwé tó ní orúkọ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fún èèyàn ní ìgbéga. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ òun, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ò ní fọkàn tán òun mọ́. Nínú ilé tiwa, ó tún le sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àwọn kan lẹ́nu ni „wèrè“, ọmọ sì ti gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nípa ọmọ ẹlòmíì.

Nítorí náà, ẹ tún fi ìbéèrè kejì kún un: ṣé wọ́n kọ orúkọ, ta ló sì máa rí ìdáhùn? Lẹ́tà tí Bundeswehr ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ọdún 18 yẹn ní orúkọ. Kì í ṣe ìwádìí, ìforúkọsílẹ̀ ni. Kí ọmọ fi òótọ́ dáhùn, ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tó jẹ́.

Àwọn Jámánì ní ilé iṣẹ́ ìwádìí tiwọn fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní Potsdam, tí kò jìnnà sí Berlin, ni ZMSBw wà láti 2013. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ ìtàn ogun àti láti máa bi àwọn sójà àti ará ìlú léèrè ọ̀rọ̀. Anja Seiffert àti Julius Heß níbẹ̀ tẹ̀ lé àwọn sójà tó wà ní Afghanistan ní 2010. Wọ́n bi wọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n bi wọ́n níbẹ̀, wọ́n bi wọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọ́n tún padà bi wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọdún tó le ni 2010 jẹ́ fún wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Good Friday, sójà Jámánì mẹ́ta kú nínú ìjà kan nítòsí Kunduz. Títí wọ́n fi kúrò ní Afghanistan pátápátá ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, sójà Jámánì 59 ló kú síbẹ̀, 35 nínú wọn lọ́wọ́ ọ̀tá.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwádìí Potsdam yẹn ni pé kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí. Púpọ̀ nínú àwọn sójà náà ní ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn nínú ara àwọn ti pọ̀ sí i, àwọn sì mọyì ayé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ sì wà tí wọn ò rí ara wọn mọ́ nínú ilé ara wọn, tí wọ́n ń ṣe bí àlejò láàárín ìyàwó àti ọmọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta náà. Òtítọ́ ni méjèèjì. Òbí tó bá sọ fún ọmọ pé gbogbo ẹni tó bá lọ ni ayé rẹ̀ á bàjẹ́, ọmọ á rí ẹni tí tirẹ̀ kò bàjẹ́, kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ òbí mọ́.

Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin

Láti 2001 ni gbogbo iṣẹ́ Bundeswehr ti ṣí sílẹ̀ fún obìnrin, lẹ́yìn tí Tanja Kreil gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tó sì jàre ní oṣù Kìíní ọdún 2000. Iye kan wà tí ẹ máa gbọ́: 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí tí ZMSBw gbé jáde ní 2014 ló ti wá, pé iye àwọn obìnrin ológun tó ti rí ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ nìyẹn.

Kí a tó pariwo, ẹ jẹ́ ká béèrè ìbéèrè kẹta: kí ni wọ́n fún lórúkọ yẹn? Nínú 55 yẹn, ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ àti ẹ̀fẹ̀ àlùfààṣá ló pọ̀ jù. Fífi ọwọ́ kan ara ẹni láìgbà wà níbẹ̀, fífi ipá múni sì wà níbẹ̀, àmọ́ iye tí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí kéré gan-an sí 55. Mi ò sọ èyí láti fi gbe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Ẹ̀fẹ̀ àlùfààṣá lójoojúmọ́ láti ẹnu ọ̀gá ẹni kì í ṣe nǹkan kékeré, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé oúnjẹ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì nínú wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí iye kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bi í pé mélòó ni ti èyí, mélòó ni ti ìyẹn.

Iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìgbéga

Ní ọjọ́ kejì tí Japan kọlu Pearl Harbor ní 1941 ni àwọn oníwádìí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún sójà ní ìwé ìbéèrè. Kí ogun tó parí, wọ́n ti bi àwọn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Samuel Stouffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1949. Wọ́n rí nǹkan kan tó yà wọ́n lẹ́nu. Nínú ẹ̀ka ọkọ̀ òfuurufú, ìgbéga ń yára. Nínú ọlọ́pàá ológun, ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Síbẹ̀, àwọn ti ọkọ̀ òfuurufú ló ń ráhùn jù pé ìgbéga ò dáa, ọkàn àwọn ọlọ́pàá ológun balẹ̀ jù tiwọn lọ.

Kí ló fà á? Wọ́n ní olúkúlùkù ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń gòkè, ẹni tó ṣẹ́kù sílẹ̀ á máa rò pé wọ́n fi ìyà jẹ òun. Níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gòkè, ẹni tó dúró síbi tó wà ò rí ohun tó burú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ogún ọdún fọ ọkọ̀ ojú irin ní Hamburg lè wo owó oṣù sójà, bíi 2,600 yúrò kí wọ́n tó yọ owó orí, kó sọ pé òun ti débẹ̀. Bó bá pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bárékè ló máa wò, kò ní wo bàbá rẹ̀ mọ́. Bí a bá ka ìwádìí tó ní „sójà wọ̀nyí tẹ́ iṣẹ́ wọn lọ́rùn“, ẹ bi í pé ta ni wọ́n fi ara wọn wé.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ o. Ní àgbègbè Jenfeld ní Hamburg, yunifásítì Bundeswehr wà níbẹ̀ láti 1973. Láti 2003 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Helmut Schmidt pè é, ẹni tó dá a sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ọ́físà á máa kàwé níbẹ̀, á sì máa gba owó oṣù. Òbí wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí inú rẹ̀ ò ní dùn? Àmọ́ ojú akántáǹtì ni mo fi ń wo ìwé àdéhùn náà. Ọ̀nà yẹn sábà máa ń jẹ́ àdéhùn ọdún 13. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọdún tó pé, wọ́n lè ní kó dá owó ẹ̀kọ́ padà. Àdéhùn kúkúrú náà wà, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ ní owó ìrànwọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀; bí ọdún bá ṣe gùn tó ni ìrànwọ́ náà ṣe ń gùn.

Nípa àwọn tó ń lọ, ìjábọ̀ ọdọọdún láti ọ́fíìsì Wehrbeauftragter sọ láìpẹ́ yìí pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn tó wọṣẹ́ ló ń fi í sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn kan á ní „Ẹ ò rí i, wọ́n ń sá!“ Ẹ jẹ́ ká rọra. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin gba ẹni tó bá ti bu ọwọ́ lu àdéhùn láyè láti kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Ẹni tó lọ nítorí bárékè jìnnà sílé, ẹni tó lọ nítorí ó rí iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó lọ nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò jọ ohun tó rí nínú ìpolówó, ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, iye kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Èmi ò ka iye yẹn sí ohun tó ń dẹ́rù bani. Mo kà á sí ẹ̀rí pé ilẹ̀kùn wà, ọmọ yín sì gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn máa tì. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò bi

Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù fún àwa òbí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ń bi àwọn tó ṣì wà ní bárékè. Ẹni tó ti kúrò ńkọ́?

Ní London, àwọn oníwádìí ní King's College ti ń tẹ̀ lé àwọn sójà Bìrìtìkó láti ìgbà ogun Iraq, wọn ò sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá kúrò nínú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn kàn wá, nítorí àwọn ọmọ Nàìjíríà lè wọṣẹ́ ológun níbẹ̀ láìjẹ́ ọmọ ìlú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Commonwealth, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀. Ní Jámánì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú kí ó tó lè ṣe sójà.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2010, láti ẹnu èèyàn 9,990, fi hàn pé bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì PTBS. Àwọn tí ọtí ti ń bá jà jẹ́ 13. Àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ń dà láàmú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ẹ wo bó ṣe rí: PTBS ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ọtí ló pọ̀ jù ú lọ nílọ̀ọ́po mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà bi wọ́n, tí èsì mìíràn jáde ní 2018, PTBS ti di 6.2. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti jà ní Iraq tàbí Afghanistan gan-an, ó jẹ́ nǹkan bíi 17.

Láti 4 dé 17 nínú ìwádìí kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnu bárékè ni wọ́n dúró sí, wọn ì bá má rí 17 yẹn láéláé, nítorí àwọn tó ni ín ti wà nílé ìyá wọn, nínú yàrá, pẹ̀lú kọ́tìnì tí wọn kì í ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Ìyá ló máa kọ́kọ́ rí i pé ọmọ kì í sùn mọ́. Ìyàwó ló máa kọ́kọ́ ka ìgò. Kò sí oníwádìí tó máa kan ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ yẹn.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, níbo la ń gbé e lọ? Àdúrà ò burú, ẹ gbà á kíkankíkan, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí orí òkè nígbà tí dókítà wà nítòsí. Ní Berlin, ilé ìwòsàn Bundeswehr ní Scharnhorststraße ní ẹ̀ka tó wà fún ìpalára ọkàn tí ogun ń fà, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ní Hamburg, ilé ìwòsàn wọn wà ní Wandsbek. Sójà tó bá ń bẹ̀rù ìwé tó ní orúkọ lè kọ́kọ́ bá àlùfáà bárékè sọ̀rọ̀. Àlùfáà kì í sọ ohun tí wọ́n sọ fún un fún ọ̀gá, kò sì ní ipò ológun kankan. Láti 2007 ni òfin kan sì ti wà tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tó bá fara pa gan-an níbi tí wọ́n rán an lọ, ìpalára ti ọkàn wà nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tàbí wọ́n ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè kọ̀wé tààrà sí Wehrbeauftragter ní Berlin láì gba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni láti gbọ́ ẹjọ́ sójà fún ilé aṣòfin. Henning Otte ló wà nípò náà láti 2025. Wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ sójà nítorí pé ó kọ̀wé. Òbí náà lè kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun ka ìwé àdéhùn ọmọ òun kí òun tó fọwọ́ sí i, kó mú gbogbo ojú ewé rẹ̀ wá sí ibi ìmọ̀ràn wa, títí kan àwọn ojú ewé ẹ̀yìn tí lẹ́tà wọn kéré. Kó mú lẹ́tà Bundeswehr pẹ̀lú àpò rẹ̀ tí déètì wà lára, kó mú páálí ọmọ, kó sì mú ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá. Bó bá ní iye kan tó kà níbì kan tó ń bà á lẹ́rù tàbí tó ń dùn mọ́ ọn nínú, kó kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti kà á. A ó jọ wò ó pé nínú mélòó ni.